Ọ̀rọ̀ Kan Tí A Kò Lè Tẹ̀ka Sí

Ugbónlá,
Etí omi.
Ọjọ́ Ẹtì.

Táyọ̀ mi, ọma mi,

Ṣé dáadáa lo dé Àkúrẹ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó wú nínú ọkọ̀ ti lọ sílẹ̀? Mo mọ̀ pé o ti délé, nítorí o fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé "Mo ti dé, mà." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré, láti ọ̀dọ̀ ọmọ tí kì í lè panu mọ́ láti kékeré. Mo wo fóònù náà títí, mo ní ha, inú ń bí ọmọ mi.

O sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, o wọ bọ́ọ̀sì láti Àkúrẹ́ dé Igbókọ̀dá, o tún wọ ọkọ̀ ojú omi dé ọ̀dọ̀ wa, pẹ̀lú ìwé àdéhùn iléeṣẹ́ yín nínú báàgì tó o fi ọ̀rá wé lẹ́ẹ̀mejì kí omi má bàa kàn án. Iléeṣẹ́ náà fẹ́ kọ́ ilé yìnyín sí etí omi wa, kí àwa obìnrin ẹlẹ́ja máa kó ẹja tútù síbẹ̀, kí wọ́n sì máa rà á lọ́wọ́ wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, o jókòó sáàárín àwa obìnrin mẹ́tàlélógún, o ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó o kà á tán, o gbé yíńkì ìtẹ̀ka síwájú wa. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Èmi ìyá rẹ pàápàá, mo ká ọwọ́ mi sábẹ́ ìró. Mo mọ̀ pé èyí ló dùn ọ́ jù.

O ò jẹ ẹ̀bà tí mo tẹ̀ dè ọ́. Kó o tó wọ ọkọ̀ padà, o ní, "Màmi, tí ẹ bá fẹ́ kí owó ẹja lọ sókè, ṣé ẹ ò lè sọ fún mi nínú ilé ni?" Mo la ẹnu, ẹ́ńjìnnì gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, o sì lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Mo ti pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ o mọ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí ṣe rí, ó ń gé ọ̀rọ̀ kélekèle, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń gé. Mo rántí ohun tó o sọ, pé òpin oṣù yìí ni ọ̀gá rẹ fún ọ, pé tí a ò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á gbé ilé yìnyín náà lọ sí etí omi àwọn ẹlòmíràn, iṣẹ́ tuntun tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yìí náà á sì bọ́. Mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Jókòó, kí o kà á títí dé òpin.

Kì í ṣe owó, Táyọ̀. Má sọ fún ọ̀gá rẹ pé owó ni. Tó o bá sì ti sọ ọ́, pè é padà.

Àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́, nítorí inú mi kún. Mo dúpẹ́ pé nínú gbogbo etí omi tí iléeṣẹ́ yín lè yàn, tiwa lo dárúkọ fún wọn. Mo dúpẹ́ pé Yorùbá lo fi kọ ìwé náà. Àwọn tó ti ń gbé ìwé wá sí agbègbè yìí ò lóǹkà, láti ọ̀dọ̀ wa níbí títí dé Mọ́lútẹ̀hìn, òyìnbó ni gbogbo wọn sì máa ń fi kọ ọ́, wọ́n á ní kí a tẹ̀ka síbí, kí a tẹ̀ka sọ́hùn-ún, wọ́n á sì lọ. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú wa, tó ka gbogbo rẹ̀ sókè kí a gbọ́. Orí mi wú. Kíkà tó o kà á sókè yẹn gan-an ló sì dá wàhálà sílẹ̀.

Mú ẹ̀dà tìrẹ, ṣí ojú ìwé kejì. Wo gbólóhùn tó ń sọ ohun tí a máa ṣe bí ọkọ̀ wa bá kó sí ewu lórí omi. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí pé, "Bí ọkọ̀ olùtajà bá..." Mi ò ní kọ èyí tó kù, nítorí bàbá rẹ wà lórí omi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó o fi sí i ni ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún òkúta tó bọ́ sódò. O tún wá fi ti ènìyàn kún un, o kọ ọ́ ní gbangba, o sì là á mọ́lẹ̀ bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì. Aago mélòó lo kà á? Aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ta ló wà nílé nínú àwọn ọkùnrin ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀? Kò sẹ́nì kankan. Gbogbo wọn ló wà níbi àwọ̀n.

O rí Màmá Ẹ̀bùn, olórí wa, bó ṣe dìde nígbà tó o kà dé ibẹ̀ tó sì jáde. O rò pé ó fi ìpàdé sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Kò bínú rárá. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì ló jáde ní ìdájí ọjọ́ yẹn. Ó lọ dúró ní ìparí afárá pákó, ó ń wo omi. Nígbà tí ọkọ̀ tìrẹ lọ, ó ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀sán ni a gbọ́ ẹ́ńjìnnì àwọn ọmọ rẹ̀, ìgbà yẹn ló tó jókòó tó mu omi.

Wàá bi mí pé kí ló dé tí kò sí ẹni tó sọ fún ọ. Ọmọ mi, kí a tó lè ṣàlàyé rẹ̀, àfi kí a tún un sọ. Ta ló máa tún un sọ? Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń wo ara wa, tí Ìyá Rónkẹ́ sì ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹun ná, ẹ jẹ́ kí ó jẹun." Ó ń bẹ̀ ọ́ pé kí o pa ìwé dé ni. O kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọdún tó o ti lò ní òkè, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ti pọ̀. Mi ò fi ìyẹn bú ọ. Èmi ni mo rán ọ lọ.

Ohun tó dùn mí nínú rẹ̀ ni pé a gba ohun tí gbólóhùn náà ń sọ. Ẹja tó bá sọnù lórí omi, tiwa ni, iléeṣẹ́ kò jẹ̀bi, a ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó fẹ́ jiyàn lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó o fi gbé e wá ni ọwọ́ wa kò lè kàn.

Má wá rò pé ìyá rẹ gbọ́n lọ títí. Èmi náà ti fi ẹnu àti ọwọ́ ara mi ba ọjà jẹ́ rí, ìwọ kàn ń jogún mi ni.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé bàbá rẹ, èmi nìkan ni mo dé ìwé kẹrin nínú àwọn ìyàwó ilé, ó sì ń gùn mí. Mo fẹ́ kí Bọ̀dá Akin tó ní ọkọ̀ máa bá mi gbé ẹja yíyan lọ sí Igbókọ̀dá ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Àwọn yòókù á kàn bá a sọ ọ́ lẹ́nu, ó parí. Èmi ní rárá, ìwé ni a ó fi ṣe é. Mo já ìwé nínú ìwé ìṣirò, mo kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé: bí o bá pẹ́, wàá fojú winá rẹ̀, bí o bá gbé ẹja mi sá lọ, màá jẹ́ kí wọ́n mú ọ. Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ o! Mo sì kà á fún un ní gbangba létí omi. Bọ̀dá Akin gbọ́ ọ tán, ó fi sùúrù gbé agbọ̀n ẹja mi kúrò nínú ọkọ̀, ó tò wọ́n sórí pákó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ wá ẹni tó ń jalè kó bá yín gbé e." Òjò bá ẹja yẹn níbẹ̀. Ọjà mẹ́ta ló kọjá tí n kò rí ọkọ̀ wọ̀, nítorí gbogbo ọlọ́kọ̀ ti gbọ́.

Yèyé, ìyá bàbá rẹ, ló gbà mí. Kò mọ̀wé, ó ní kí n kà á fún òun. Mo kà á. Ó ní, "Ọma mi, ọ̀rọ̀ yí éè daa," pé kò dáa rárá. Ó bi mí pé kí gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí pé kí n má lọ dúró lásán létí omi pẹ̀lú ẹja, kí ọjà ti tú. Ó ní ó dáa, sọ ìyẹn fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ. A kọ ọ́ pé ọjọ́ tí ọkọ̀ kò bá lè jáde, Bọ̀dá á ránṣẹ́ sí mi kí oòrùn tó yọ, kí n lè wá ọ̀nà mìíràn. Bọ̀dá Akin rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé nǹkan tó wà nínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn náà nìyí? Òun ló gbé ẹja mi títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọjọ́ kan tó pẹ́ tí kò ránṣẹ́. Ojoojúmọ́ tí mo bá kọjá níwájú ilé rẹ̀ ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Yèyé nínú ọkàn mi.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi. Èkíní: kí o tó kọ gbólóhùn kan, mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù gan-an, kí o sì kọ ìyẹn. Ìwé yín kọ nípa ikú nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ọ̀gá rẹ ń bẹ̀rù ni pé kí a má pè é lẹ́jọ́ bí ẹja kò bá dé. Ẹja tí kò dé, ṣé kò ṣe é sọ bẹ́ẹ̀ ni?

Èkejì: tún ìwé náà kà, kí o sì ka iye "gbọ́dọ̀" tó wà nínú rẹ̀. Ìyá Rónkẹ́ ń fi ìka kà á lọ́jọ́ yẹn, ó ní ó dé mọ́kànlá, gbogbo rẹ̀ sì dojú kọ wá. Olùtajà gbọ́dọ̀, olùtajà kò gbọ́dọ̀. Ojú ìwé kẹta la tó gbọ́ ohun tí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa ṣe. Gbé e wá síwájú! Kọ́kọ́ sọ pé iléeṣẹ́ á kọ́ ilé yìnyín, á máa tún un ṣe, á máa rán ọkọ̀ wá ní ọjọ́ báyìí. Lẹ́yìn náà kí o ní, "Àwa náà á sì ṣe báyìí." Ohun kan náà ni, kò dín, kò lé. Àmọ́ ẹni tó bá ti gbọ́ ohun tí wọ́n máa ṣe fún un, ara rẹ̀ á ti balẹ̀ kí ó tó gbọ́ tirẹ̀. Ta sì ni olùtajà? Ìyá ẹlẹ́ja ni wá. Kọ ìyá ẹlẹ́ja.

Ẹ̀kẹta, èyí ṣe pàtàkì, má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dídùn gbé ọ lọ. Lẹ́yìn tí Yèyé ti kọ́ mi lọ́rọ̀ jẹ́jẹ́, mo wá ki àṣejù bọ̀ ọ́. Mo bá ọkùnrin kan tó ń gé igi ẹ̀gbà inú ẹrẹ̀ ṣe àdéhùn igi tí mo fi ń yan ẹja. Kí n má bàa ṣẹ̀ ẹ́, mo kọ ọ́ pé, "Ẹ ó máa kó igi wá bó bá ti rọrùn fún yín." Ọmọ mi, kò rọrùn fún un rí! Ìgbà edé dé, edé kún ilé, ààrò tutù. Mo lọ bá a, ó fi ìwé tèmi hàn mí, ó ní, "Ìyá Táyọ̀, kò tíì rọrùn." Bàbá rẹ ń fi ìyẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ títí di òní, bí mo bá ní kó bá mi gbé nǹkan, á ní bó bá ti rọrùn. Nítorí náà, rọ ọ̀rọ̀ rẹ bó o bá ṣe fẹ́, àmọ́ fi ọjọ́ sínú rẹ̀, fi orúkọ ẹni tó máa ṣe é sí i. Ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ tí kò ní ọjọ́ nínú, ìwà ọ̀lẹ ni.

Ó yẹ kí ẹ̀kẹrin wà, mo ti gbàgbé rẹ̀. Ẹja ń jó lọ́wọ́ kan, lẹ́tà wà lọ́wọ́ kejì.

Mo rántí: má bá ọ̀gá rẹ jà nítorí wa. Má sọ fún un pé òun kò mọ nǹkan kan. Sọ fún un pé àwọn ìyá ẹlẹ́ja ti gba gbogbo ìwé òun, gbólóhùn kan péré ló kù tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, tí ara rẹ̀ kò yí padà. Inú rẹ̀ á dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Aṣọ tuntun náà nìyí. O mọ̀ pé ní ọ̀dọ̀ wa, tí ẹnì kan bá pẹ́ kó tó dé láti orí omi, a kì í ju pé omi dá a dúró lọ. Bó dé, omi ló dá a dúró. Bí kò dé náà, omi ló dá a dúró. Mo jókòó tì í, mo kọ ọ́ báyìí:

"Bí omi bá dá ọkọ̀ ìyá ẹlẹ́ja dúró, tí ẹja rẹ̀ kò sì dé ilé yìnyín, kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Ìyá ẹlẹ́ja á ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kí ọjọ́ méjì tó pé. Iléeṣẹ́ kò ní san owó ẹja tí kò dé, kò sì ní bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja. Iléeṣẹ́ á fi ààyè rẹ̀ nínú ilé yìnyín dè é títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé, kí òun tàbí ará ilé rẹ̀ lè padà sẹ́nu iṣẹ́."

Ti oṣù mẹ́ta yẹn ni Màmá Ẹ̀bùn fi kún un, má fi pa mọ́ fún ọ̀gá rẹ. O rí i pé kì í ṣe owó ló bèèrè. Bí lọ́yà yín bá sọ pé òun kò mọ ohun tí omi dá ọkọ̀ dúró túmọ̀ sí, kó lọ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìn pátápátá, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, bó ṣe fẹ́ kó là á tó. A mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Kí ó ṣáà má jẹ́ ohun tí wọ́n máa kà sókè létí omi ní àárọ̀.

Lánàá, Ọjọ́bọ̀, mo pe gbogbo wa jọ síbi tó o jókòó sí lọ́jọ́ yẹn. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ náà ni, àwọn ọkùnrin wà lórí omi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Mo ka gbólóhùn tuntun náà sókè. Màmá Ẹ̀bùn ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó mi orí, ó ní, "Èyí, ènìyàn lè gbọ́ ọ kó sì máa yan ẹja rẹ̀ lọ." Ó wá bèèrè pé, "Yíńkì ọmọ yẹn dà?"

Yíńkì rẹ ti bá ọ lọ sí Àkúrẹ́. A wá a títí, kò sí. Ni Màmá Ẹ̀bùn bá na ọwọ́ sí ìdí ìkòkò mi, ó fi àtàǹpàkò ra dúdú rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ti ara wọn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwé òfin, ẹ ṣì máa gbé gidi wá. Àmọ́ mú un lọ fún ọ̀gá rẹ kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Mo ti fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mejì bí tìrẹ, awakọ̀ ojú omi ló máa fi lé oníbọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ní Igbókọ̀dá.

Bàbá rẹ ti wọlé báyìí bí mo ṣe ń parí rẹ̀. Ó ní kí n kí ọ, ó ní kí o wá jẹ ẹ̀bà rẹ.

Tó o bá tú ìwé náà, wàá ka àtàǹpàkò méjìlélógún lórí rẹ̀. Má wá tèmi láàárín wọn. Ṣé o rántí ìgbà tó o wà ní ilé ìwé gíga, tó o dé fún ọlidé, tó o rí i pé ìwé kẹrin mi ti ṣá mọ́ mi lára? O fi èédú kọ lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà sára pákó ilé ìdáná, o ní kí n máa kọ ọ́ tẹ̀ lé ọ bí ẹja ṣe ń yan lọ, o sì ń na ọwọ́ mi tí mo bá ṣì í. Ìwọ lo dá ìwé padà sí mi lọ́wọ́, Táyọ̀, n kò sì tíì dúpẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọwọ́ tí mo ká sábẹ́ ìró lọ́jọ́ Ajé, ọwọ́ tó o kọ́ ni. Lánàá ni mo nà án. Wo ìsàlẹ̀ ìwé náà: èédú ni mo fi kọ orúkọ mi, ó wọ́ díẹ̀, àmọ́ kò sí ibi tí mo ti ṣì í.

Bọ̀sẹ̀dé,
ìyá Táyọ̀.